Hubert Ògúndé, ọlọ́pàá tó di Ọ̀ṣẹ́túrá

Ẹni tó bá ń gba ojú ọ̀nà ńlá tó ti Atakpamé wọ Anié kọjá lálẹ́ Sátidé á gbọ́ ariwo àwọn ọ̀dọ́ wa níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ìjà o, ọ̀rọ̀ fíìmù ni. Ọ̀kan á ní kò sí ohun tó dẹ́rù bani tó Dracula. Èkejì á ní àwọn tó ń ti òkè ọ̀run wá jí èèyàn gbé, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nínú Aux frontières du réel lórí tẹlifíṣọ̀n, ló jẹ́ kóun máa tan iná sùn. Ẹ̀kẹta á ní òkú tó ń rìn ni tòun. Èmi máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá máa gbọ́, màá máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ni mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ Ọ̀ṣẹ́túrá. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọ̀kan wá bi mí bóyá fíìmù tuntun ni. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìtàn Hubert Ògúndé síbí.

Èmi fúnra mi, etí ni mo fi kọ́kọ́ wo fíìmù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó nígbà tí náírà ṣì níye lórí, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ifẹ̀ ìhín ti ṣe. Àwa Ifẹ̀ táwọn mìíràn ń pè ní Ana ni mò ń wí. Ilé-Ifẹ̀ làwọn baba wa ní àwọn ti wá, nítorí náà èdè inú fíìmù yẹn ò ṣòro fún bàbá náà. Nígbà tó padà wálé, kò ru fíìmù kankan wá, ẹnu ló mú wá. Abẹ́ máńgòrò ló ti ń sọ ọ́ fún wa. Á pọfọ̀, á di àjẹ́, á di ẹyẹ, á tún di babaláwo. Kó tó sọ ọ́ dé ìdajì, àwa ọmọdé ti rọ́ mọ́ ara wa gbágbáágbá, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ta wá ni ọkùnrin náà? Ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Òsósà, ìlú kékeré kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ní Nàìjíríà. Ilé méjì ló tọ́ ọ. Ilé bàbá rẹ̀ jẹ́ ilé onígbàgbọ́, ilé orin ìyìn àti dùùrù. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni, ọmọ náà sì gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti mọ egúngún, ó mọ ọdún Ògún, ó mọ bí ìlù ṣe ń yí padà tí ohun tó lágbára bá fẹ́ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ilé méjì yẹn, torí gbogbo ohun tó ṣe láyé, àárín wọn ló ti mú un.

Ó kàwé níwọ̀nba, ó ṣe tíṣà, ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1941 ló wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn, wọ́n sì gbé e lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́tta l'Ékòó. Ẹ fojú inú wò ó: ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, tó ń kọ orin sínú ìwé nígbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀. Ìjọ Aládùúrà kan ló ní kó bá àwọn ṣe eré kan láti inú Bíbélì. Ó ṣe é. Oṣù kẹfà ọdún 1944 ni wọ́n ṣe eré náà ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó. Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run ni kókó rẹ̀.

Kó tó di ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń ṣe eré ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ló máa ń dúró sójú kan bí òpó, á kọrin tán, á jókòó. Ògúndé ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa jó, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó mú ìlù ilé bàbá ìyá rẹ̀ wọnú orin ilé bàbá rẹ̀. Àwọn èèyàn yà bo gbọ̀ngàn. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, nígbà tó sì di 1946, ó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ pátápátá. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ torí eré ṣíṣe, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Alágbe ni wọ́n ń pe irú wọn.

Ibi tí ìtàn yìí ti máa ń dùn mọ́ mi jù lọ rèé. Ó fẹ́ káwọn obìnrin wà nínú eré rẹ̀, kì í ṣe ọkùnrin tó wé gèlè. Ó gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá obìnrin tó máa ṣe eré, òun á sì máa sanwó fún wọn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Òbí wo ló fẹ́ kí ọmọbìnrin òun di alágbe? Ó wá yí ìkéde náà padà, ó ní akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Ẹ wá wo èrò! Nígbà tí wọ́n dé tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀ fún wọn. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, bóyá ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n bó ṣe di pé obìnrin ń fi eré ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Wàhálà kejì ni pé bí obìnrin bá ti lọ́kọ, ọkọ á ní kó jókòó sílé. Ògúndé yanjú ìyẹn náà: ó ń fẹ́ wọn. Àwọn ìyàwó rẹ̀ lé ní mẹ́wàá dáadáa, àwọn ló ń kọrin, àwọn ló ń jó, àwọn ló ń pawó mọ́lé, àwọn ọmọ tí wọ́n sì bí náà tún wọnú eré. Adéṣẹ́wà, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, ni gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Òun ni Ògúndé mú dání lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1947 láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe tíátà lọ́hùn-ún. Ìjàǹbá mọ́tò ló pa á ní 1970, lẹ́nu iṣẹ́ tó ń gbé wọn láti ìlú dé ìlú. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: láìsí àwọn obìnrin yẹn, kò sí Ògúndé.

Ìjọba ò fẹ́ràn rẹ̀, èyíkéyìí tí ì báà jẹ́. Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, ó ṣe eré lé e lórí, ó pe àkọlé rẹ̀ ní Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àti Ebi. Àwọn ọlọ́pàá dá eré náà dúró ní Jos, àwọn ọlọ́pàá táwọn àti ẹ̀ jọ wọ aṣọ kan náà láìpẹ́ sígbà yẹn! Ní oṣù kọkànlá 1949, wọ́n yìnbọn pa òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún tó ń wa èédú ní Enugu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ògúndé ti gbé e sórí ìtàgé. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni o. Lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí olóṣèlú Yorùbá àti Yorùbá ń fa ara wọn ya, ó ṣe Yorùbá Ronú ní 1964. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Akíntọ́lá jẹ́ olórí rẹ̀, fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbègbè náà. Odindi ẹgbẹ́ o, kì í ṣe eré kan ṣoṣo. Ó ṣòro fún alágbàṣe kí wọ́n ní kó má wọnú ọjà ìlú rẹ̀. Ọdún 1966, nígbà táwọn ológun gbàjọba, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Lọ́dún kejì, ó wà ní Montréal, ní Expo 67, ó ń ṣojú Nàìjíríà.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí, ó tó kí wọ́n sọ ọ́ ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa ò ní ráyè gbọ́ ọ, torí kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Àjẹ́ ń bọ̀.

Ògúndé ti lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó gbé ayé àjẹ́ wọnú fíìmù. Ó ti ń ṣe Aiyé gẹ́gẹ́ bí eré orí ìtàgé ṣáájú ìgbà yẹn. Orí ìtàgé ló wà, kí lo lè ṣe níbẹ̀? Tí àjẹ́ bá fẹ́ di ẹyẹ, á sáré wọ ẹ̀yìn aṣọ, ẹlòmíì á sì jáde. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀. Fíìmù yàtọ̀. Faransé kan tí wọ́n ń pè ní Georges Méliès ló ti rí àṣírí yẹn láti 1896: tí wọ́n bá dá ẹ̀rọ dúró, tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n tún yí i padà, ẹni tó ń wò ó á rí i pé èèyàn ti pòórá. Ṣe ni Méliès fi ń ṣeré, ó fi sọ àwọn obìnrin di àfẹ́kù, ó fi gbé àwọn èèyàn lọ sínú òṣùpá ní 1902. Àwọn egúngún onídán nílẹ̀ Yorùbá ti ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kiri tipẹ́, aṣọ lásán ni wọ́n fi ń di ọ̀nì, tí wọ́n fi ń di òjòlá. Ọmọ tó mọ egúngún ní kékeré rí ẹ̀rọ yìí nígbà tó dàgbà, ó sì mọ ohun tó máa fi ṣe.

Kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ọlá Balógun ló bá a darí Aiyé, ẹni tó kàwé nípa sinimá ní IDHEC ní Paris. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń fọ́nnu Faransé, ẹ lè fi ìyẹn fọ́nnu. Ọdún 1979 ni fíìmù náà jáde. Abúlé kan ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àjẹ́ ń ṣèpàdé lóru nínú igbó, wọ́n ń ba ayé àwọn aráalé jẹ́, wọ́n ń pa èèyàn, kò sẹ́ni tó rí wọn mú. Àfi Ọ̀ṣẹ́túrá. Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe é, babaláwo tó fi ọfọ̀ àti ẹ̀mí ara rẹ̀ dí àárín àjẹ́ àti abúlé náà. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí idà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń jà. Ọ̀kan á sọ̀rọ̀, èkejì á fèsì, ẹni tọ́rọ̀ rẹ̀ bá jinlẹ̀ jù ló ń borí. Kí ẹni tó mọ Dracula wá sọ fún mi ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sì mú kí ẹ̀rù fíìmù yẹn yàtọ̀ rèé. Nígbà tí òyìnbó bá ń wo Dracula, ó mọ̀ pé ìlú kan lókèèrè lohun náà ti ń ṣẹlẹ̀. Tó bá ti jáde kúrò nínú sinimá, ó kù síbẹ̀. Ẹni tó wo Aiyé l'Ékòó lálẹ́, ó ṣì máa gba abẹ́ igi ìrókò kọjá lọ sílé. Ó ní ìyá àgbà kan nílé. Ó ní ọmọ tó ṣàìsàn tí kò mọ ìdí ẹ̀. Ògúndé ò kọ́ wọn lẹ́rù, wọ́n ti ní i tẹ́lẹ̀. Ó kàn tan iná sí i lára ni.

Àwọn èèyàn gbà pé ọfọ̀ tó ń pè níbẹ̀, ọfọ̀ gidi ni. Wọ́n gbà pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ní nǹkan lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe Bela Lugosi, ará Hungary tó ṣe Dracula ní Amẹ́ríkà ní 1931. Ìwà òṣìkà inú fíìmù náà lẹ̀ mọ́ ọn lára débi pé nígbà tó kú ní 1956, aṣọ Dracula ni wọ́n fi sin ín. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Ẹni tí wọ́n ń sá fún ni Lugosi. Ẹni tí wọ́n ń sá tọ̀ ni Ògúndé.

Orúkọ yẹn pàápàá, Ọ̀ṣẹ́túrá, inú Ifá ló ti wá, ìtàn rẹ̀ sì máa ń mú mi ronú. Àwọn irúnmọlẹ̀ ń bọ̀ láyé, ọkùnrin mẹ́rìndínlógún àti Ọ̀ṣun, obìnrin kan ṣoṣo. Àwọn ọkùnrin yẹn ò ka Ọ̀ṣun sí, wọ́n ń ṣèpàdé láìpè é. Ohun gbogbo tí wọ́n dáwọ́ lé dàrú: òjò ò rọ̀, oògùn ò jẹ́. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ó sì bi wọ́n léèrè ẹnì kẹtàdínlógún. Ó di dandan kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Oyún wà nínú Ọ̀ṣun nígbà náà. Ó ní bó bá jẹ́ ọkùnrin lòun bí, á máa bá wọn jókòó. Ọkùnrin ló bí lóòótọ́, Ọ̀ṣẹ́túrá lorúkọ rẹ̀. Nínú Ifá, àwọn ọkùnrin ló ń bẹ obìnrin alágbára. Nínú fíìmù, àwọn obìnrin alágbára ló ń sá fún Ọ̀ṣẹ́túrá.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ tó ń dùn mí wà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sọ ìtàn yẹn fún wa, ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ẹ̀pà. Kò lọ́mọ mọ́, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀ torí èéfín. Àwa ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Bó bá pè wá, a ò ní dáhùn, a ní tá a bá dáhùn, ó ti mú wa nìyẹn. A ò ra ẹ̀pà rẹ̀ mọ́. Bí ẹyẹ bá ké lóru, ilé rẹ̀ là ń nà sí. Kò pẹ́ táwọn àgbàlagbà kan náà fi ń gba ojú ọ̀nà mìíràn. Kò sẹ́ni tó lù ú, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo rántí bó ṣe máa ń jókòó ti àwo ẹ̀pà rẹ̀ tó kún títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ògúndé ò mọ ìyá yẹn, ẹjọ́ wa ni, kì í ṣe ẹjọ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, ọkùnrin tí obìnrin bí iṣẹ́ rẹ̀ fún un, tó kọ́kọ́ mú wọn jáde kí ayé lè rí wọn, òun náà ló wá fi ìró àgbà obìnrin ro ibi fún wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì lè fo ìyẹn.

Aiyé gba gbogbo ìlú. Òun fúnra rẹ̀ àtàwọn èèyàn rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, bí wọ́n ṣe ń gbé eré orí ìtàgé tẹ́lẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù nígbà yẹn, owó ńlá sì ni. Bí wọ́n bá wá gbé e sórí kásẹ́ẹ̀tì, àwọn olè á tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyẹn táwọn tó ṣe fíìmù Yorùbá láyé ọjọ́un fi di tiwọn mọ́ra, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ ọdún bí Àjíǹde àti Kérésì lèèyàn máa ń rí i wò. Ó gba fíìmù là lọ́wọ́ olè, ó sì mú kó jìnnà sí àwọn bíi tiwa. Jáyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, tí Freddie Goode darí, lẹ́yìn náà Àròpin Ń Tènìyàn ní 1982. Àyànmọ́ jáde ní 1988. Ọ̀ṣẹ́túrá ṣì ń jà nínú Jáyésinmi. Fún èmi o, Aiyé ló dáa jù. Àwọn tó kù ń tún un sọ ni.

Lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, ìjọba tó ti fìgbà kan lé e wá ń bẹ̀ ẹ́. Òun ni wọ́n pè láti bá wọn kó ẹgbẹ́ òṣèré àpapọ̀ Nàìjíríà jọ. Fásitì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni Mister Johnson, fíìmù òyìnbó tí Bruce Beresford, ará Ọsirélíà, wá yà ní Nàìjíríà. Kò sí ọfọ̀ níbẹ̀, bàbá ìyàwó ló ṣe.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990 ni Ògúndé kú ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Rédíò ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gbọ́ ọ, ní Anié níbí. Ó ní irọ́ ni. Ó ní ẹni tó dá gbogbo àjẹ́ inú igbó yẹn dúró, kò lè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn òyìnbó kó sì kú bẹ́ẹ̀. A ní fíìmù ni, bàbá. Kò dá wa lóhùn. Ó pa rédíò, ó gbé àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò wọlé, oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ di òwúrọ̀. Òsósà ni wọ́n gbé Ògúndé padà lọ sin.

Èyí tí mo sọ níwájú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ẹ̀yin ará wa. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ọmọkùnrin tó ń fi Dracula yangàn béèrè ibi tóun ti lè rí Aiyé wò. Mo ní kó dúró di Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti ń palẹ̀ ẹnu mọ́.